Ọmọ Tó Ń Yínmú sí Ògiri

Àfojúdi ni mo kọ́kọ́ pè é. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá fi ibẹ̀ pamọ́ fún yín, kí ni mo wá ń sọ?

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ifọ̀, nínú ilé bàbá wọn tó wà lẹ́yìn ojú irin. Màmá Ifọ̀ la máa ń pè wọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwa tí a wà ní Mowe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá kì í fi ṣeré ni ìkíni. Ọmọ yòówù tó bá wọlé tọ̀ wọ́n, yóò kúnlẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀ láti orí bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dìde títí wọn yóò fi sọ pé, "Ó tó, dìde, Ọlọ́run á dá ọ sí." Omi tí wọ́n bá gbé kaná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ á ti máa hó kí wọ́n tó parí. Àwọn ọmọ yòókù máa ń sá fún un. Títí, àkọ́bí mi, ló fẹ́ràn rẹ̀. Àjọkẹ́ ni Màmá ń pè é, láti kékeré ló sì ti máa ń kúnlẹ̀ síbẹ̀, tí yóò máa dá rẹ́rìn-ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá. Màmá ò tíì kì í dé ìdajì tí ara ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Orúnkún rẹ̀ kan gbéra nílẹ̀, ó tún padà. Èjìká rẹ̀ fò sókè. Ó fọwọ́ tilẹ̀, ó sì dìde dúró, oríkì ṣì wà lẹ́nu Màmá. Màmá dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Títí gbójú sókè wo àwọn náà, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, imú rẹ̀ súnkì bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ tó ti kan.

"Ìyá Títí," Màmá ní, "ọmọ rẹ ń yínmú sí mi."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí yínmú jẹ́ nílé Yorùbá. Ọmọ tó bú àgbà ṣì lè ní ẹnu ló yọ òun. Èyí tó yínmú sí àgbà, inú ló ti mú un wá. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi yá ju ẹnu mi lọ, ẹnu mi gan-an ò sì lọ́ra. Mo fọ́ ọ létí níwájú Màmá, etí ọ̀tún, gbosa!

"Mọ́mì, mi ò ṣe nǹkan kan!" ló ń sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe nǹkan kan!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ náà ni imú rẹ̀ tún súnkì. Mo fọ́ èkejì lé e.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sí Mowe, ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú lórí itan, bí ẹni di adìyẹ mú kó má baà fò lọ. Mo rí i. Mo ka ìyẹn náà mọ́ ìbínú.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé wa, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mo sì máa ń rán jù. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn ń ya jáde láti Èkó wá kọ́lé sí Mowe, ilẹ̀ pupa ni gbogbo àdúgbò, fóònù alágbèéká sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ àwọn bíi tiwa. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, kì í sábà bá oòrùn nílé. Èmi àti Títí la jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ti ilé ìwé dé. Òun ló máa ń bá mi rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ.

Lẹ́yìn ìrìn Ifọ̀ yẹn, ó rán bọ́tìnnì mẹ́rin mọ́ ẹ̀wù funfun kan, ẹ̀jẹ̀ sì kan ẹ̀wù náà níbi mẹ́ta. Ó gún ara rẹ̀ lọ́wọ́ lọ rabidun. Mo ní, "Ta lò ń rò, tí ọkàn ẹ ò fi sí níbí?" Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọmọkùnrin kan ló ń dà á láàmú. Ọmọ ọdún méjìlá! Ẹ̀rù ìyá ò níbi tí kì í rìn dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ife já, abọ́ já, odidi ìkòkò ọbẹ̀ dà sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo ti lọ ata fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní ilé ìwé, ìwé tó ń kọ rí bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kọ̀wé sí mi pé ọmọ náà ti ń di ọlọ́tẹ̀, pé bí òun bá ní kó kúnlẹ̀ kó káwọ́ sókè, kì í lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà òun fi kún ìyà rẹ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé náà, mo ní kí wọ́n má ṣàánú fún un. Di òní olónìí, bí mo bá rántí pé mo fọwọ́ sí i, inú mi máa ń bàjẹ́.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí kì í ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ ni. Títí tó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ wá ń sunkún láìsí ẹni tó nà án, á sì tún bú sẹ́rìn-ín kí omijé tó gbẹ. Bí wọ́n bá ní kó wá jẹun, inú á bí i débi pé á ti ìlẹ̀kùn gbàgà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé mo máa kú. Á wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Mọ́mì, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?" Mà á ní kò sí. Kò ní í pẹ́ tá á tún fi dé, ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Ó ń fọ ọwọ́ títí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó ní bí òun ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ohun búburú máa ṣe mí.

Gbogbo èèyàn ló ní ohun tí wọ́n pè é. Ọkọ mi ní ara ọmọge ló ń bọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ni, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n sì ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á. Mi ò fi àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àdúrà kì í pa ọmọ. Bá a ṣe ń fi òní dọ́la, fọ̀la dọ́túnla, ìyẹn ló fẹ́ pa á. Obìnrin kan ládùúgbò, tó ń wá gba aṣọ lọ́dọ̀ mi, tiẹ̀ rọra tẹnu bọ̀ mí létí pé kí n tètè wá ibi tí wọ́n ti ń wo orí kí ọmọ náà tó já sígboro. Mo lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá a lọ. Ó dúró tì mí. Ẹ̀rù tó bà mí nìyẹn, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí: mò ń bẹ̀rù pé ọmọ mi ti ń ya wèrè, pé wọ́n á máa fi orúkọ yẹn pè é títí ayé, ṣé ẹ mọ̀ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lára ọmọbìnrin.

Ohun tí mo wá ṣe, ìyá Yorùbá nìkan ló lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, mo di ẹrù ọmọ mi, mo mú un lọ sí Ifọ̀ pé kí Màmá bá mi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọmọ tó ń ṣàìsàn, mo gbé e lọ fún ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Mo ní, "Màmá, ẹ má gbójú fò ó o. Bó bá yínmú, ẹ fi ọwọ́ òsì bá a wí, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀tún fà á mọ́ra." Títí ò sunkún. Ó kàn ń wò mí, èjìká rẹ̀ ń fò.

Ọjọ́ kẹjọ, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́sàn-án gangan, mo gbójú sókè, ta ni mo rí? Màmá Ifọ̀ ni, tàwọn tọ̀pá wọn, tí wọ́n fi ọwọ́ kejì di Títí lọ́wọ́ mú. Orúnkún Màmá ti ń dùn wọ́n láti ọdún pípẹ́, ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lèèyàn sì máa ń wọ̀ láti Ifọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rù bà mí, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ dá ìkíni mi lóhùn, àwọn tí ìkíni ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú níwájú wọn.

"Ìyá Títí, ọmọ yìí ò yínmú sí mi o."

Mo ní, "Ẹ jókòó ná, Màmá."

"Mi ò tíì jókòó. Mo rò pé ó ń yínmú sí mi. Mo wá jókòó tì í, mo ń ṣọ́ ọ. Ó yínmú sí ewúrẹ́. Ó yínmú sí ẹ̀kọ tó ń mu. Lánàá, ó dá wà nínú yàrá, kò mọ̀ pé mò ń wo òun lójú fèrèsé, ó dojú kọ ògiri, ó ń yínmú sí ògiri. Ta ló ń yínmú sí ògiri? Kí ni ògiri ṣe fún un?" Ohùn wọn wá rọlẹ̀. "Mo sì wò ó nígbà tó sùn lọ́sàn-án. Gbogbo ẹ̀ ló dákẹ́. Ẹsẹ̀ ò fò, ẹnu ò wọ́, ó ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe ìwà. Ara ló ń ṣe ọmọ yìí. A ti purọ́ mọ́ ọn, èmi pẹ̀lú ẹ."

Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ oníbàárà.

Ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nítòsí wa la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ibà àti táífọ́ìdì ni, bí wọ́n ṣe máa ń wí fún gbogbo ayé, wọ́n sì fún un lógùn. Ọjọ́ márùn-ún kọjá, kàkà kó sàn, apá kan ara rẹ̀ wá burú sí i débi pé kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń lọ́. Màmá, tí wọn ò tíì padà sí Ifọ̀, ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ábẹ́òkúta. Ọkọ mi gbàyè níbi iṣẹ́, ó sì gbé wa dé ibẹ̀ láàárọ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn rí mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n fún wa ní káàdì, a wà lẹ́yìn ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Títí ò lè jókòó jẹ́jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta, ahọ́n rẹ̀ ń yọ lẹ́nu wọlé. Àwọn èèyàn ń wò ó. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ sún kúrò nítòsí wa, ó fi ìborùn bo ojú ọmọ rẹ̀. Màmá yíjú sí i, wọ́n ní, "Sún dáadáa. Àyè tó o fi sílẹ̀ yẹn gan-an la nílò." Wọ́n sì na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n síbẹ̀. Títí rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín tó ní ìdí lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Dókítà tó wò ó, ọmọbìnrin kan tí kò dàgbà tó àbúrò mi àbígbẹ̀yìn ni. Mo kọ́kọ́ ronú pé wọ́n fi wá ta tẹ́tẹ́. Ó fi ìka méjì síwájú Títí, ó ní, "Di ìka mi mú ṣinṣin, má tú u sílẹ̀." Títí dì í mú. Mo ń wò ó bí ọwọ́ náà ṣe ń fún un, tó ń dẹ̀, tó tún ń fún un, bí ẹni tó ń fún wàrà lára màlúù. Ó ní kó yọ ahọ́n síta kó má dá a padà. Ahọ́n jáde, ó sá wọlé, ó tún jáde. Ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, àtẹ́lẹwọ́ sì ń yí síta fúnra rẹ̀. Ìyà tí olùkọ́ rẹ̀ fi ń jẹ ẹ́ gan-an rèé, ara rẹ̀ ò lè ṣe é.

"Bó bá sùn ńkọ́?" ni dókítà bi mí.

Màmá ló dáhùn. "Ó máa ń dákẹ́ ni, dókítà. Mo ṣọ́ ọ."

Dókítà wo Màmá tìyanutìyanu. Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ọ̀fun dùn ún láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn?"

Mo ti fẹ́ sọ pé rárá. Mo wá rántí. Ó tó oṣù méjì ṣáájú ìrìn Ifọ̀ yẹn. Ibà mú un, bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ wú, kò lè gbé itọ́ mì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì wa, ó fún un lógùn ọjọ́ méje. Ọjọ́ kejì, ibà lọ, ó ń jẹun. Mo bá di ìyókù oògùn náà sínú ọ̀rá, mo fi há inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, pé bí ọ̀fun bá tún dun ẹlòmíì nínú ilé, a ò ní í lọ rà á mọ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Oògùn ọ̀hún ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ tí dókítà ń bi mí yìí, láàárín bọ́tìnnì.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ìyá láti ìgbà náà. Kòkòrò àìfojúrí kan ló wọ Títí lọ́fun. Ara èèyàn ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ tó máa ń gbógun ti irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Bí egbò bá pọ́n, tó wú, tó ń gbóná, tó ń dùn, ogun yẹn lẹ̀ ń rí. Wíwú àti gbígbóná yẹn kì í ṣe ọ̀tá, ìwòsàn ló ń wá. Ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọdé mìíràn, pàápàá bí wọn ò bá lo oògùn ọ̀fun náà tán, àwọn ọmọ ogun yìí máa ń ṣìnà. Ohun tó jọ kòkòrò náà lára ọpọlọ ni wọ́n máa ń dojú kọ. Apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń kápá bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó ní apá kan náà ló ń bá wa fi ìjánu sí ẹ̀rù, sí ìbínú, sí èrò tí kì í fẹ́ kúrò lọ́kàn. Bí ibẹ̀ bá gbóná, ọwọ́ á máa jó, ojú á máa yínmú, ọkàn náà á sì máa ta kìjí. Kòríà ni wọ́n ń pè é. Ó ní ijó ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí lédè àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ. Ó sábà máa ń mú àwọn ọmọbìnrin ọjọ́ orí Títí, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń kà á sí ìwàkiwà ọmọge.

Lẹ́yìn náà ni dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Títí. Ó ní, "Gbọ́ mi. Ìwọ kọ́ lò ń ṣe é. Ara rẹ ló ń ṣe é. Ẹkún tó ń sun ọ́, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ nípa mọ́mì ẹ, ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń wá. O ò ya wèrè. Ó máa lọ."

Ọmọ mi yíjú sí mi, ètè rẹ̀ ń wọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín."

Kò sí ìyá tó fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn. Mo fi ọwọ́ mi bo etí rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí mo ti fọ́ ọ, mo ní, "O sọ fún mi, Títí. Mi ò gbọ́. Má bínú." Màmá Ifọ̀ ń wolẹ̀. Ọkọ mi lọ dúró síta. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́, ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ mi ló kù díẹ̀ kó pa.

Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀ tó ń lù láyà, torí ogun àṣìṣe yìí máa ń dé ọkàn àti oríkèé nígbà mìíràn. Ọjọ́ tí a ń dúró de èsì àwòrán yẹn gùn ju gbogbo ọjọ́ lọ. Wọ́n ní ọ̀kan lára àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ń jò díẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n àwọn á máa ṣọ́ ọ. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì láti lé ìyókù kòkòrò náà kúrò lọ́fun. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú wíwú àti gbígbóná náà rọlẹ̀, àti òmíràn tó ń dá ijó ara dúró. Mi ò ní í purọ́ fún yín, oògùn kejì yẹn mú un sùn jù. Ó sọ ojú rẹ̀ di bí ojú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo ké sí dókítà, ó dín in kù.

Ìwòsàn ò wá lọ́jọ́ kan. Tó bá gbé ife dé ẹnu láàárọ̀, á dà á sára ní ìrọ̀lẹ́. Mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìyá Títí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́," ó sì ń wá sílé wá kọ́ ọ fúnra rẹ̀ títí tó fi lè padà. Pásítọ̀ wa wá, ó jókòó, ó béèrè gbogbo rẹ̀, ó sì wá sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé kí àwọn òbí máa gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n tó máa wá ẹ̀mí kiri. Ọwọ́ fífọ̀ ló pẹ́ jù kó tó lọ. Dókítà ní kí n má bá a jà nídìí ẹ̀, kí n má sì máa tún ìdáhùn kan náà wí títí. Bó bá bi mí bóyá mo máa kú, kí n ní, "Àìsàn ẹ ló ń béèrè yẹn, Títí ò béèrè." Lọ́jọ́ kan, ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó la ẹnu, ó wò mí, ó pa ẹnu dé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo fi orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sunkún ayọ̀.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn tá a dé láti ilé ìwòsàn ni ó tún rán bọ́tìnnì, mẹ́fà lórí ẹ̀wù funfun, kò sí ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Mi ò fẹ́ fún oníbàárà lẹ́wù náà mọ́.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ bá ń ka èyí, mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tó ń bínú, tó ń dá sunkún, kòríà ló ní o. Òmíràn, èrò ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn ní ọ̀nà mìíràn, òun náà nílò dókítà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ lo oògùn ọ̀fun fún ọjọ́ méje, ẹ jẹ́ kó lò ó fún ọjọ́ méje, kódà bí ó bá ń fò bí àmọ́tẹ́kùn lọ́jọ́ kejì. Oṣù oṣù ni Títí gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kí àìsàn náà má baà padà, ó sì gbà á títí tó fi dàgbà. Ó máa ń tiro wálé ní gbogbo ọjọ́ tó bá gbà á, á bú èmi, á bú nọ́ọ̀sì, á sì ní kí n ra búrẹ́dì fún òun. Mo máa ń rà á.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ka ara sí ohun tí èèyàn ń pàṣẹ fún. Kúnlẹ̀, yóò kúnlẹ̀. Káwọ́ sókè, yóò káwọ́ sókè. Ara ọmọ mi kọ́ mi pé òun náà ní ohun tirẹ̀ tó ń bá jà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àti pé bí ara ò bá gbọ́ràn, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọkàn ti ṣọ̀tẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn. Àmọ́ ẹni tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù ni ìyá arúgbó tó gbà pé òun ṣi ọmọ dá lẹ́jọ́, tó sì fi orúnkún dídùn wọ ọkọ̀ mẹ́ta láti wá sọ ọ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, a lọ kí Màmá ní Ifọ̀. Títí wọlé, ó kúnlẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀: "Àjọkẹ́ mi, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ọmọ a-rẹ́rìn-ín-kí-àlejò..." Wọ́n ki oríkì rẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n dúró sí nígbà yẹn. Wọ́n ki oríkì náà dé ibi tí wọ́n máa ń parí sí. Mo rò pé wọ́n máa dákẹ́. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mò ń wo orúnkún ọmọ mi. Kò mì. Èjìká ò fò. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ọ̀kan ò di èkejì mú. Màmá wá ní, "Ó tó, dìde, Ọlọ́run á dá ọ sí."

Títí ò dìde. Ó gbójú sókè, ó wo Màmá lójú kòrókòró, ó sún imú rẹ̀ kì, ó wọ́ ẹnu rẹ̀ sápá kan, ó sì mú un dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ọwọ́ mi ti gbéra kí n tó mọ̀.

Màmá Ifọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Alihamdulilai! Ẹ wá wò ó o! Ìyá Títí, ṣé o rí i? Èyí ni yínmú! Èyí gan-an ni wọ́n ń pè ní yínmú!"

Wọ́n sì yínmú padà fún un.